Pákó Ọ̀gánwó Tó Wà Lájà

Bàbá mi, ẹni tí mo fi ọwọ́ jọ,

Mo ti ra mẹ́ṣìn náà. Ó dé sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Agbowó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nínú ọkọ̀ akẹ́rù kan tó dí gbogbo àdúgbò pa, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń fò kọjá lórí gọ́tà. Ọkùnrin mẹ́fà ló gbé e wọlé. Ibi tí bẹ́ǹṣì yín wà látijọ́ ni mo gbé e sí, torí kò síbòmíràn tó gbà á. Ẹ má bínú. Ẹ̀bẹ̀ ti bẹ́ǹṣì yìí ló sì kéré jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún.

Ẹ ò rí irú mẹ́ṣìn yìí rí. Dróòmù sáńdà ni wọ́n ń pè é. Róólà irin méjì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi sáńpépà wé wọn bí ìgbà tí èèyàn bá di báńdéèjì mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n á sì máa yí fìrìfìrì. Bẹ́líìtì kan wà nísàlẹ̀ tó ń wọ́ pákó lọ sábẹ́ wọn. Èèyàn á kàn ti pákó bọ̀ ọ́ lẹ́nu ni, á sì gbà á lódì kejì. Róólà kìíní ní sáńpépà tó le, òun ló ń fá gbogbo gbágungbàgun kúrò. Ìkejì ní èyí tó kúnná, òun ló ń jẹ́ kí ó jọ̀lọ̀. Iṣẹ́ tí èmi àti Bùọ̀dá Làmídì máa ń fi àárọ̀ dìrọ̀lẹ́ ṣe, kí èèyàn tó jẹ iṣu tán, ó ti parí.

Bùọ̀dá Làmídì ló jẹ́ kí n máa wá a. Ẹ rántí pé òun nìkan ló dúró tì wá nínú gbogbo àwọn tí ẹ kọ́ níṣẹ́, láti ìgbà tó ti Ṣakí wá pẹ̀lú àpò kan àti ẹ̀wù méjì. Èjìká rẹ̀ ọ̀tún ò gbé sókè mọ́. Bí ó bá fi sáńpépà fá pákó fún wákàtí kan, á lọ dúró sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, á ní òun ń gba atẹ́gùn. Irọ́ ni. Ó ń di èjìká mú, ó ń fún eyín pọ̀ ni. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ring Road sì gbé ilẹ̀kùn ogójì fún wa, ọ̀gánwó gidi, wọ́n sì fẹ́ kó dán tó bẹ́ẹ̀ tí iná á máa hàn lára rẹ̀. Ogójì, Bàbá! Mo wo èjìká Bùọ̀dá Làmídì, mo wo ọwọ́ ara mi, mo mọ̀ pé a ò lè ṣe é lọ́wọ́ lásán.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri. Mo lọ sí Dùgbẹ̀, mo lọ sí Mọ́kọ́lá, mo lọ sí Challenge. Oríṣi méjì ni mo rí. Ọ̀kan kéré, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ṣí sílẹ̀. Bí pákó bá fẹ̀ jù ú lọ, èèyàn á ti ìdajì wọlé, á tún yí i padà, á ti ìdajì yòókù. Kò wúwo, kò sì lekoko nídìí iná. Àmọ́ tí wọ́n bá ti ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mejì bẹ́ẹ̀, ìlà tín-ínrín kan á wà láàárín tó dà bí àpá abẹ. Mo fi ìka kàn án báyìí, mo rántí yín. Mo rí i bí ẹ ṣe máa fi ìka tẹ̀ lé ìlà yẹn látòkè délẹ̀, tí ẹ ó sì tú ilẹ̀kùn náà ká lójú ẹni tó ni ín. Èkejì ni èyí tó tóbi. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì padé, odidi ilẹ̀kùn ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ó wúwo bí ọkọ̀, iná fésì mẹ́ta ló ń jẹ, ó sì tún ń fẹ́ mẹ́ṣìn mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí á máa fa eruku.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń ṣe iyèméjì. Ta ni mo fẹ́ bi? Ẹ̀yin lẹ máa ń yan nǹkan bí ẹni ń yan àna. Bí a bá lọ sọ́jà pákó ní Bódìjà, ẹ ó kan pákó kọ́kọ́kọ́, ẹ ó gbóòórùn rẹ̀, ẹ ó gbé e dé ojú, ẹ ó pa ojú kan dé, ẹ ó sì máa wo etí rẹ̀ lọ títí. Àwọn oníṣòwò á máa rẹ́rìn-ín pé Bàbá Kápẹ́ńtà tún ń wo ọjọ́ iwájú. Èmi náà pa ojú kan dé, mo wo etí mẹ́ṣìn náà. Ojú tì mí. Kí ni mo rò pé mo máa rí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò lè sọ nígbà tí ẹ wà láyé. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kàwé ní yunifásítì tó wà níwájú ilé wa, mo sì tún sọdá títì padà wá di ìfági mú. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ò bá mi jà, ẹ ò lé mi. Ẹ kàn ń ṣe ohun kan tó burú ju ìjà lọ. Bí mo bá parí iṣẹ́, ẹ ó wá, ẹ ó pa ojú méjèèjì dé, ẹ ó fi àtẹ́lẹwọ́ yín rìn lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà, ẹ ó mú pẹ́ńsù tó wà lẹ́yìn etí yín, ẹ ó sì máa bá tiyín lọ. Ẹ ò sọ pé ó dára. Ẹ ò sọ pé kò dára. Mo máa ń dúró síbẹ̀, mo máa ń díbọ́n pé mo ń gbálẹ̀. Mo ti di ìyá ọmọ méjì, Bàbá, mo ṣì ń díbọ́n pé mo ń gbálẹ̀.

Pẹ́ńsù yẹn náà! Ẹ máa ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn etí. Ẹnu ọ̀nà ni Màmá á ti yọ ọ́, tí wọ́n á sọ ọ́ sínú báàgì wọn, ẹ̀yin á sì máa fọwọ́ wá a lẹ́yìn etí ní gbogbo ìgbà tí wàásù bá ti ń gùn. Òun náà lẹ fi ń kàn mí lórí nígbà tí ẹ ń kọ́ mi ní òfin yín tó ga jù. Ohun tí o bá ṣe sí ojú pákó, ṣe é sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí o bá fá ojú tí o fi ẹ̀yìn sílẹ̀, pákó á bínú, á ká, o ò sì ní mọ ìgbà tí ilẹ̀kùn ò ní wọ férémù mọ́. Mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n kọ́ mi ní yunifásítì. Mi ò gbàgbé èyí.

Ọkùnrin tó ń ta mẹ́ṣìn ní Challenge, ẹni jẹ́jẹ́ ni. Ó rí i pé mo ń ṣe iyèméjì, ó ní, “Madam, ẹ gbé pákó tiyín wá, èyí tó fẹ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ má gbọ́ tẹnu mi rárá, ẹ jẹ́ kí mẹ́ṣìn fúnra ẹ̀ sọ̀rọ̀.” Ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà. Bùọ̀dá Làmídì ló rántí pákó ọ̀gánwó yín, èyí tó wà nínú àjà pálọ̀, tí ẹ gbé síbẹ̀ kí ooru páànù lè máa gbẹ ẹ́. Ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀, pákó kan ṣoṣo láìsí àlẹ̀mọ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ ń tọ́jú rẹ̀ de nǹkan kan, kò sì sẹ́ni tó láyà láti bi yín pé kí ni.

A gbé e sọ̀ kalẹ̀. Eruku orí rẹ̀ nípọn bí aṣọ. Mo fi àkísà nu ojú tó dọ̀tí yẹn, mo sì pe ìyẹn ní ojú pákó. Ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́. Ó yẹ kí n bi ara mi pé kí ló dé tí ẹ fi dojú kan délẹ̀ tí ẹ sì fi kẹ́ ẹ. N ò bi ara mi. Pikọ́ọ̀pù tó máa gbé e lọ ń dúró nínú oòrùn, ẹni hòtẹ́ẹ̀lì ń pè mí lórí fóònù, pálọ̀ ṣókùnkùn. Mo ti wo ẹ̀yìn gbogbo nǹkan láyé mi, ọjọ́ yẹn nìkan ni n kò wò.

Ní Challenge, ọkùnrin náà tan mẹ́ṣìn tó tóbi. Ariwo rẹ̀ pọ̀, jẹnẹrétọ̀ sì tún ń bú ramúramù lẹ́yìn rẹ̀. Ó mú róólà sún mọ́lẹ̀ dáadáa kí n lè rí agbára rẹ̀. A ti pákó náà wọlé, ó sì jáde lódì kejì, pupa bí epo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Mo pa ojú mi dé, mo fi àtẹ́lẹwọ́ rìn lórí rẹ̀. Bàbá, inú mi dùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí a ti sin yín. Mo ní, tí ẹ bá wà níbí lónìí, ẹ ó sọ̀rọ̀.

Ọkùnrin náà fẹ́ pa mẹ́ṣìn. Ó ní, “Ó ti tó, madam, ẹ ti rí i.” Èmi ni mo ní kò tó. Èmi ni mo ní kí wọ́n yí i padà, kí a ṣe ẹ̀yìn. Mo tún ń fi ìgbéraga sọ ọ́, pé bí bàbá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn.

Bùọ̀dá Làmídì yí i, ó sì ti ẹnu rẹ̀ lé bẹ́líìtì. Ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà wá láti ẹ̀gbẹ́, ó sì tàn sí ẹ̀yìn pákó náà lọ́nà tí n ò fi lè ṣe bí ẹni tí kò rí i. Pẹ́ńsù yín ni. Ìwé yín ni, àwọn lẹ́tà ńláńlá tó dàgẹ̀rẹ̀ yẹn. Ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún ni, ní ìpẹ̀kun tí a kọ́kọ́ ti wọlé, ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Oríkì mi ló wà níbẹ̀rẹ̀, èyí tí ẹ̀yin nìkan fi ń pè mí, tí kò sẹ́ni tó tún pè é láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Ohun tó tẹ̀ lé e ni “ọwọ́ rẹ”. Mo ka ìyẹn. Oríkì mi, “ọwọ́ rẹ”. Bẹ́líìtì sì ti gbé e wọ abẹ́ róólà.

Mo kígbe. Àwọn ọkùnrin méjèèjì rò pé mẹ́ṣìn ti gé mi lọ́wọ́, ọwọ́ mi ni wọ́n kọ́kọ́ sáré wò kí wọ́n tó wá ibi tí wọ́n ti ń pa á. Nígbà tó fi máa dúró, ìpẹ̀kun yẹn ti yọ lódì kejì. Ó dán. Ó dán débi pé mo rí òjìji ara mi nínú rẹ̀.

Kí lẹ kọ síbẹ̀, Bàbá? Ọwọ́ rẹ kí ni? Ọwọ́ rẹ dára? Ọwọ́ rẹ yá? Àbí ọwọ́ rẹ ò tíì tọ́, wá iṣẹ́ mìíràn ṣe? Èyíkéyìí ni mo máa gbà. Mo búra fún yín, bó jẹ́ èébú, mo máa gbà á, mo sì máa fi gíláàsì bò ó.

Mo sáré lọ bi Màmá. Wọ́n ronú títí, wọ́n wá rántí. Wọ́n ní lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, ẹ gba pẹ́ńsù yín nínú báàgì wọn kẹ́ ẹ tó bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, ẹ gbé àkàbà, ẹ wọ àjà, ẹ sì pẹ́ níbẹ̀ títí ìrẹsì fi tutù. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú jàǹkárìwọ̀ lórí, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi yín, ẹ ò sọ. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn náà tí rọpárọsẹ̀ fi kọ lù yín, tó sì gba ẹnu yín.

Bí Màmá ṣe ń sọ ọ́ ni mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Pálọ̀ la tẹ́ yín sí, kí ẹ lè máa rí àlejò. Lábẹ́ àjà yẹn gan-an. Lójoojúmọ́ ni ẹ ń na ìka sókè, ọwọ́ òsì, torí òun nìkan ló ṣẹ́ kù. Màmá á rọra mú ọwọ́ náà, wọ́n á tì í sábẹ́ aṣọ, torí wọ́n ní èèyàn kì í fi òsì júwe ilé Ọlọ́run. Ẹ ó tún yọ ọ́ jáde, ẹ ó tún nà án. Pásítọ̀ wá, ó ní ẹ ti ń rí ògo. Gbogbo wa bú sórin. Èmi ni mo gbé orin yẹn sókè jù wọ́n lọ. Ẹ wò mí, ẹ ń mi orí, omi ń bọ́ lójú yín, a sì ní ayọ̀ ni. Àjà lẹ ń nà sí. Ọ̀run la ń wò.

Ǹjẹ́ ẹ lè dárí èyí jì mí? Ọjọ́ mọ́kànlá ni ẹ fi nawọ́. Àkàbà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

A ti ṣe gbogbo ohun tí a lè ṣe. Mo gbé pákó náà sínú oòrùn, mo yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bùọ̀dá Làmídì fi èédú pa á lára jẹ́jẹ́, bóyá ibi tí pẹ́ńsù tẹ̀ wọlé á yọ. Kò sí nǹkan kan. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mo padà lọ bá oníṣòwò yẹn, mo ní kó fún mi ní eruku tó wà nínú àpò mẹ́ṣìn. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti ń dàrú. “Madam, eruku? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?” Ó ṣáà dà á sínú ọ̀rá fún mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé bí igi bá ní ọgbẹ́, eruku igi yẹn gan-an la ó pò mọ́ gúlú, la ó fi dí i. Ọ̀rọ̀ yín wà nínú ọ̀rá yẹn. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n eruku pákó àwọn ẹlòmíràn ti dà pọ̀ mọ́ ọn, funfun àti pupa, n kò sì mọ èwo ni ẹ̀yin. Mo fi í kọ́ sórí ìṣó tí ẹ máa ń fi fìlà kọ́.

Bùọ̀dá Làmídì fẹ́ tù mí nínú. Ó ní, “Ọmọ Ọ̀gá, Bàbá ò jẹ́ kọ ohun tí ò dáa.” Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní òun ń lọ gba atẹ́gùn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Òun náà kò gbọ́ gbólóhùn ìyìn kan lẹ́nu yín rí.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mo tún fi ra mẹ́ṣìn náà. Kí ni ǹ bá ṣe? Ilẹ̀kùn ogójì ń dúró. Èjìká Bùọ̀dá Làmídì ń dúró. Èyí tó tóbi ni mo rà, torí òun ló dára jù, iṣẹ́ tí mo gbé fún un ló sì ṣe, kò mọ̀wé kà. Ilẹ̀kùn mọ́kànlélógún ti jáde láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò sí ìlà láàárín èyíkéyìí. Bí mo bá parí ọ̀kan, mo máa ń dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n tó gbé e kúrò. Ìgbálẹ̀ á wà lọ́wọ́ mi.

Mo máa ń yí gbogbo pákó padà báyìí kó tó wọ ẹnu mẹ́ṣìn. Gbogbo rẹ̀. Mo ti wo abẹ́ bẹ́ǹṣì yín, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, abẹ́ ibùsùn tí ẹ kàn fún Màmá. Òǹkà ìwọ̀n ni mo ń rí, ìnṣì àti ẹsẹ̀ bàtà. Bóyá ibì kan tún wà. Ṣé ibì kan tún wà?

Pákó náà ti padà sínú àjà. Mi ò lè gé e. Ní ọ̀sán àná, mo gba pẹ́ńsù yín nínú báàgì Màmá, mo gbé àkàbà, mo wọlé lọ jókòó tì í nínú ooru páànù. Mo fẹ́ kọ èsì sí ibi tí ẹ kọ tiyín sí gan-an. N kò mọ ohun tí mo ń fèsì sí. Mo kọ “Bàbá mi, ọwọ́ yín”, mo sì dúró. Pẹ́ńsù ò rìn mọ́. Màmá ń pè mí nísàlẹ̀ pé oúnjẹ ń tutù. Mo dojú pákó náà délẹ̀ bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀, mo wá ń kọ èyí sórí bébà.

Èmi ni, ọmọ yín,
tó ṣe ẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bó ti ṣe ojú.